Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Tàn Yín Jẹ

Bàbá mi, Bàbá Ẹlẹ́rọ tèmi,

Ẹ kú ilé tuntun yín. Èmi àbíkẹ́yìn yín ni mo ń kọ̀wé yìí. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹni tó ti kú, n kò sì tan ara mi jẹ pé ẹ óò rí i kà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti ọjọ́ Àìkú, n kò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún. Ká ní ẹ wà láyé ni, n kò ní lè sọ ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, n kò sì ní ojú tí n óò fi wò yín.

Ilé wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Màmá wa ń gbìyànjú. Wọ́n ṣì máa ń bu oúnjẹ sí abọ́ yín nígbà mìíràn, wọ́n á wá rántí, wọ́n á dà á padà sínú ìkòkò. Èmi náà á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo ti pa jẹnẹrétọ̀ yín tì, sólà ni mo ń gbé lọ sóde iṣẹ́ báyìí. Mo mọ̀ pé ẹ óò bú mi, torí ẹ gbà pé iṣẹ́ tí kò bá fi epo yí èèyàn láṣọ kì í ṣe iṣẹ́. Àǹtí Bísí tó ń kọrin fún ẹgbẹ́ ti ní ọmọ-ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ìbejì. Tíṣà, olórí ẹgbẹ́, ṣì ń ta gìtá bí ẹni tó ń pe orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, láìfo ẹnì kan. Àwọn olórin márààrún tí ẹ fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ló wà. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò sí.

Ìbẹ̀fun la lọ lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn tó jáde ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbẹ̀ ló pè wá pé ká wá ṣeré nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé wọn, aago mẹ́ta ọ̀sán. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi, àmọ́ páànù ni òrùlé rẹ̀, kò sì ní àjà. Ẹ mọ irú rẹ̀. Ẹ máa ń sọ pé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, páànù ló máa kọ́kọ́ kọrin kí olórin tó yanu. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi. Mo gbé sípíkà méjèèjì síwájú àwọn olórin kí máíkì má baà gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kó wá máa han. Mo yí wọn kúrò lójú ògiri, nítorí ògiri a máa dáhùn ọ̀rọ̀ tí a kò bi í. Mo fi aṣọ tútù nu orí máíkì. Ẹ̀yin máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó nù ún ni, ẹ á wá sọ ohun tí Àǹtí Bísí jẹ kó tó kọrin kẹ́yìn, wọ́n á sì fi ìró wọn nà yín lẹ́yìn.

Mo wá dúró níwájú máíkì, mo ń ka orúkọ ìlú sínú rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń kà á. Ìmùṣin, kí n mọ̀ bóyá tirébù, ohùn tó tín-ín-rín, ń gún etí. Ìbẹ̀fun, kí n mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ẹnu ń lu máíkì. Mo ń pe Odògbolú lọ́wọ́ ni ohun gbogbo dákẹ́. Mo sáré dé ìdí míkísà kékeré mi, iná rẹ̀ ti kú. Mo pa á, mo tún tàn án, mo pààrọ̀ wáyà iná, òórùn rọ́bà tó jóná ló ń jáde. Aago méjì ti kọjá. Láìsí míkísà, kò sí ohun tí a lè ṣe. Ẹ̀yin náà lẹ máa ń ṣàlàyé fún àwọn èèyàn pé ìkòkò ọbẹ̀ ni: gbogbo wáyà máíkì ló ń já sínú rẹ̀, ibẹ̀ la ti ń bu ohùn olúkúlùkù bó ṣe yẹ kí ó mọ.

Òmíràn tó wà nínú ọkọ̀ kò ju tiyín lọ. Láti ọjọ́ tí a ti dé láti Ìmùṣin, òde iṣẹ́ yín tó kẹ́yìn, kò sí ẹni tó ṣí i. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ògbólógbòó ìró màmá wa dì í tí ẹ sì ta kókó rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, n kò lè gbé e wọlé, n kò sì lè tú u. Mo kàn ń gbé e kiri lẹ́yìn ọkọ̀ láti òde dé òde bí ẹrù tí onítọ̀hún ń bọ̀ wá gbà.

Kí n tó sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Bàbá mi, mo tàn yín jẹ. Ìgbà márùn-ún ni mo tàn yín jẹ, lójú gbogbo èèyàn.

Ẹ mọ̀ pé etí yín ti ń lọ. Àbí ẹ ò mọ̀? Màmá wa á pè yín jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó dáhùn, ẹ á sì bá wọn jà pé wọn kò pe ènìyàn sókè dáadáa. Ohùn tó tín-ín-rín ló kọ́kọ́ sá fún yín. Torí ẹ ò gbọ́ tirébù mọ́, ẹ á máa yí i sókè títí ẹ óò fi gbọ́ ọ, nígbà yẹn yóò ti máa gún àwa yòókù bí abẹ́rẹ́. Ní ọjọ́ tí a ṣeré ní Odògbolú, ẹ̀rọ han lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àwọn ọmọdé ń fi ọwọ́ di etí. Àǹtí Bísí gbé máíkì jìnnà sí ẹnu, wọ́n ń kọrin bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé nǹkan máa bu òun jẹ. Ẹ̀yin jókòó ní ìdí míkísà yín, fìlà yín gún régé, ẹ ń mirí sí orin náà. Inú yín dùn.

Lẹ́yìn eré náà ni Tíṣà pè mí sẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ Ẹlẹ́rọ, ọ̀gá wa ni bàbá ẹ. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n tó bá tún rí báyìí, a ò ní lè pè yín mọ́ o." Wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún láìdáwọ́ dúró.

Ó yẹ kí n sọ fún yín. Mo ti sọ ọ́ fún ara mi nígbà ẹgbẹ̀rún pé ó yẹ kí n sọ fún yín. Ǹ bá sọ pé Bàbá mi, etí yín ò gbọ́ dáadáa mọ́, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà. Ẹ óò bínú, ẹ lè má bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì tán. Àmọ́ èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní n kò fẹ́ dójú ti àgbà. Mo lọ sí ọjà Òkè-Àjẹ, mo ra àwọn wáyà olórí méjì. Láti ọjọ́ yẹn, bí a bá dé òde, orí kan á wọ míkísà yín, orí kejì á wọ míkísà kékeré kan tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn sípíkà. Ohùn ń dé ọ̀dọ̀ yín, iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ń jó lójú ẹ̀rọ yín bí àwọn olórin ti ń kọrin. Ṣùgbọ́n wáyà tó yẹ kí ó ti ọ̀dọ̀ yín lọ sí sípíkà, mo ká a sẹ́yìn áńpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, n kò sì so ó mọ́ ibì kankan. Ohun tí àwọn èèyàn ń gbọ́, èmi ni mo ń ṣe é, lórí ìkúnlẹ̀, lẹ́yìn sípíkà. Ẹ̀yin ń yí bọ́tìnì tí kò yí nǹkan kan.

Ẹ ò lè mọ bí ọkàn mi ṣe balẹ̀ tó. Mo ń pè é ní ọ̀wọ̀. Àwọn èèyàn á wá bọ̀ yín lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Bàbá, ohùn yìí mà dùn o," ẹ̀yin á sì dáhùn pé ọjọ́ ló ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Èmi àti Tíṣà á wo ara wa. Bàbá mi, n kò ní purọ́ mọ́, a rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, àmọ́ a rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan tí à ń darí bọ̀, ẹ sọ fún mi nínú ọkọ̀ pé ohùn báàsì tí ẹ dín kù ní ìlàjì eré ló gba gbogbo wa là lọ́jọ́ náà. Mo ní ẹ ṣeun, sà, mo ti rí i. Mo sọ ọ́ láìfi ara balẹ̀ rò ó, bí ẹni ń tu itọ́.

Ìmùṣin ni ìkarùn-ún.

Nígbà tí mo wá tú ìró yẹn ní Ìbẹ̀fun, tí mo ṣí ìdérí, mo kọ́kọ́ rí ọwọ́ ìkọ̀wé yín lórí bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn: Bísí, Gìtá, Báàsì, Àkúbà, Dùùrù. Lẹ́yìn náà ni mo wo àwọn fédà, àwọn bọ́tìnì gígùn tí à ń tì sókè kí ohùn pọ̀. Gbogbo wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó ń darí gbogbo wọn náà wà nísàlẹ̀. Gbogbo tirébù ni ẹ yí délẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í fa fédà wálẹ̀. Láti kékeré mi, n kò rí i kí ẹ ṣe é rí. Bí eré bá parí, ẹ á pa iná, ẹ á dé e bó ṣe wà, torí ẹ gbà pé ibi tí ohùn bá dùn dé lónìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ẹ na ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin nítorí rẹ̀ rí. N kò lè sọ fún ara mi pé ó ṣèèṣì ni.

Ẹ ti mọ̀. Láàárín eré náà ní Ìmùṣin, ẹ fà wọ́n wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ohùn Àǹtí Bísí lẹ kọ́kọ́ fà, ẹ sì rí i pé ohùn wọn ṣì ń jáde nínú sípíkà. Ẹ fa gìtá, gìtá kò dákẹ́. Ẹ fa èyí tó ń darí gbogbo wọn, àwọn èèyàn sì ń jó lọ níwájú yín. Irú ọkàn wo lẹ fi wo ọwọ́ ara yín nígbà náà? Ṣé ọjọ́ náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni, àbí ẹ ti ń fura láti ìgbà àkọ́kọ́? Mo rántí pé ẹ yíjú wò mí lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ yẹn, níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, ẹ sì na àtàǹpàkò sókè sí mi. Èmi náà na tèmi padà. Mo rò pé ohùn ló tẹ́ yín lọ́rùn.

Ẹ kò dìde. Ẹ jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi kọ orin ìdágbére. Ẹ gba ìkíni àwọn èèyàn fún iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ṣe. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tó ogún ọdún, ẹ̀yin lẹ sì bá a. Ẹ bá a tán, ẹ wá bò ó fún mi.

Tíṣà ké sí mi láti orí pèpéle pé, "Ọmọ Ẹlẹ́rọ, ṣé ìyẹn ń ṣiṣẹ́?" Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, sà." Ó sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Kò sí ohun tó ṣe é rí. Mo so ó mọ́ áńpù, mo ti fédà yín sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti ti dùùrù sókè jù débi pé ohùn rẹ̀ bẹ́ jáde lójijì, àwọn tó jókòó níwájú sì fò sókè. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí wàhálà kankan. Ohùn náà dùn, Bàbá mi, kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Nígbà tí eré parí, ọkùnrin arúgbó kan wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ bàbá mi kò parun. Mo fa ọwọ́ mi yọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn Ìmùṣin ni kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ rántí pé ẹ ò tẹ̀lé wa lọ sóde kankan mọ́. Ẹ ní orúnkún ọ̀tún ló ń dùn yín, pé ẹ ò lè jókòó pẹ́. Kí Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí, inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí ojú tì. Mo ra òògùn ìpara. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kí a tó jẹun, n óò jókòó sílẹ̀ níwájú àga yín, ẹ óò ká ṣòkòtò sókè, n óò sì máa fi wọ́ orúnkún yín. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣe é, títí ẹ̀jẹ̀ ríru fi dá yín dùbúlẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, màmá wa ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, mo lọ jókòó tì wọ́n. Mo bi wọ́n ìgbà tí orúnkún yín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín gan-an.

Wọ́n gbójú sókè. "Orúnkún ta ni?"

Mo ní orúnkún bàbá mi, èyí tí mò ń wọ́.

Wọ́n ní, "Orúnkún kankan ò dun bàbá ẹ. Tí o bá ti jáde báyìí, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ gẹrun rẹ̀. Òun ló gun òkè lọ tún páànù tó ń jò yẹn ṣe. Mo tiẹ̀ bi í pé kí ló dé tó ń jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa wọ́ ẹsẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀, pé nǹkan kan ń dùn ẹ́, o ò sì mọ bó o ṣe máa sọ ọ́." Wọ́n ju òkúta kan nù nínú ẹ̀wà náà. "Kí ló dé? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo tún purọ́.

Bàbá mi, ẹ ń dúró dè mí ni? Ìrọ̀lẹ́ àádọ́rùn-ún ni orí mi fi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, tí ọwọ́ mi wà lára yín, tí ilé pa rọ́rọ́, kò sí ẹ̀rọ, kò sí èrò, kò sí Tíṣà. Ṣé torí kí n lè sọ ọ́ lẹ ṣe ń ká ṣòkòtò yẹn sókè lójoojúmọ́? Mo ń bi yín pé ṣé ó ti ń rọjú, ẹ ń sọ pé ó ti ń rọjú. Mo ń bi yín pé ṣé ibí yìí ni, ẹ ń fi ọwọ́ yín tẹ ọwọ́ mi mọ́ ọn, ẹ ń sọ pé ibẹ̀ gan-an ni.

Kì í ṣe ibẹ̀. Mo mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ibẹ̀. Mo mọ ibi tó ti ń dùn yín, èmi ni mo dá egbò náà síbẹ̀, n kò sì fi ọwọ́ kàn án títí ẹ fi kú.

Ẹ má bínú sí mi. Tàbí kí ẹ bínú, mo fẹ́ kí ẹ bínú, kí ẹ bú mi bí ẹ ṣe máa ń bú mi tí mo bá ká wáyà sódì. Ìfaradà yín yìí ló wúwo jù fún mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì tijú láti sọ òótọ́ fún yín.